Kẹ̀kẹ́ Alágbàfọ̀ àti Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Wọ́n ní òkú kan ló ń gun kẹ̀kẹ́ alágbàfọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, àdúgbò ló sọ ọ́. Wọ́n ní ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ náà ṣiṣẹ́, ọkùnrin gíga kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pá-Iná, ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Orí ìjókòó yẹn ló ṣì wà. Bí ẹlòmíràn bá gùn ún, á na ọwọ́ gígùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, á sì máa di onítọ̀hún níka mú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ní lè fa bíréèkì mọ́. Ibi tó sì máa ń yàn láti ṣe é ni ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dábùú títì. Ìyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní iwájú ilé wa tún fi tirẹ̀ kún un: ó ní bí ẹnì kan bá rò pé irọ́ ni, kó lọ wo àwọn nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ náà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ mọ́ wọn lára.

Mo gbádùn ìtàn yìí, mi ò ní purọ́. Èmi ni mo fún òkú náà ní fìlà. Mo sọ ọ́ fún obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ìtàn náà ti padà wá bá mi nílé, fìlà ti wà níbẹ̀, òkú sì ti ń mu sìgá.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní òun ti ríṣẹ́.

"Níbo, Àǹtí mi?"

"Lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Èmi ni màá máa fi kẹ̀kẹ́ gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà."

Ẹ̀rín ti dé ẹnu mi kí n tó gbọ́ ọ délẹ̀. Ńṣe ló dúró síbẹ̀, kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ: èmi ni mo sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìṣó. Ó kúrú, ara rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ sì le débi pé bí ẹ bá fi òòlù lù ú, òòlù ni yóò ké. Àwa méjèèjì là ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń gé gíláàsì, tó fi jẹ́ pé láti àárọ̀ la ti ń gbọ́ tí gíláàsì ń ṣẹ́ nísàlẹ̀ wa, kàá, kàá, bí ẹni pé eyín kan ń gé egungun. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló gba gbogbo ojú fèrèsé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tì í, á máa ya ihò bọ́tìnnì. Ihò bọ́tìnnì Ìṣó, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dọ́gba bí ẹni pé kòkòrò kan ló fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Àwọn aránṣọ tó lórúkọ ló ń gbé tiwọn wá fún un. Ohun tó ń lé kò ju pé kí òun kúrò nídìí iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí òun ṣí ṣọ́ọ̀bù tòun. A ò jogún ilé, a ò jogún ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yẹn ni ogún tó wà nínú ilé wa.

Mo sìn ín lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní mo fẹ́ lọ kí òkú.

Ilé ìfọṣọ náà gùn, ó sì há, bí ọ̀nà ọ̀fun. Ooru omi gbígbóná bò ó. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun so rọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n láyà, wọ́n lápá, wọn ò lórí. Bí atẹ́gùn bá wọlé, gbogbo wọn á yíjú sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé o ti ṣẹ̀ wọ́n rí. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin oníkùn kan tí kì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo sì nìyẹn, òun ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ alágbàfọ̀, iṣẹ́ àmì ni. Bí kò bá fi àmì sí ọrùn aṣọ, aṣọ Lágbájá á lọ sílé Tàmẹ̀dò, ìjà á sì dé. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Agolo ọ̀dà pupa kan kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ó fi kun ibi tí ẹsẹ̀ àga gbọ́dọ̀ dúró sí nílẹ̀. Ó fi kun ibi tí áyọ́ọ̀nù ń jókòó. Ó fi fa ìlà sára ẹ̀rọ omi, láti fi hàn bó ṣe yẹ kó ṣí tó.

Mo sọ sí ẹ̀gbọ́n mi létí pé, "Àǹtí mi, ẹ má dúró sójú kan pẹ́ o, wọ́n á kùn yín mọ́lẹ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé, ọ̀bọ."

Kẹ̀kẹ́ náà fara ti ògiri lẹ́yìnkùlé, dúdú, gíga, pẹ̀lú àpótí ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀, ti ìjókòó, ti ọwọ́, ti bíréèkì, ló fi ọ̀dà pupa dí pa. Ẹ̀jẹ̀ tí ìyá olówùú rí nìyẹn.

Alágbàfọ̀ fi ìka kan ìjókòó. "Ọ̀pá-Iná ló tò ó báyìí. Kò sẹ́ni tó tíì yára tó o láti ìgbà náà. Bó ṣe tò ó ló máa wà. Bí ọ̀dà yìí bá sán, màá rí i, ẹni tó bá sì ha á, kó máa lọ wáṣẹ́ síbòmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìjókòó tó dọ́gba pẹ̀lú ìgbáròkó rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ó ga fún mi díẹ̀."

"Kò ga. Ìwọ lo kúrú. Ó máa mọ́ ẹ lára."

Bó ṣe gùn ún lọ nìyẹn. Orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń wá pẹ́dà. Ìdí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi nà gbọọrọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo kígbe tẹ̀lé e pé, "Àǹtí mi, ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń gùn ni, àbí nǹkan yín kan ló bọ́ sílẹ̀ níwájú tẹ́ ẹ̀ ń wá?" Kò lè yí ọrùn.

Kò pẹ́ tó fi ń wọlé bí ẹni tí ejò ń lé. Gbogbo ibi tí mi ò lè dárúkọ níbí ló ń dùn ún. Ó ra tìmùtìmù fóòmù kan, ó wọ̀ ọ́ fún ìjókòó. Ó tóbi bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Dípò kí ara tù ú, ṣe ló tún ga sí i. Ó ra ìbọ̀wọ́ nínípọn irú èyí tí wọ́n fi ń gbé yìnyín, ó ní ọwọ́ ló ń ta òun. Ó ra ṣòkòtò péńpé àwọn agunkẹ̀kẹ́, èyí tó ní fóòmù pẹlẹbẹ nídìí, ó sì wọ pátá sábẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ojú rírán pátá náà bó o lára títí kò fi lè jókòó ti ẹ̀rọ. Ó ń dúró ya ihò bọ́tìnnì.

"Àǹtí mi, àwọn ṣọ́jà ló ń dúró ṣiṣẹ́."

"Tí mo bá ká ẹ mọ́lé, wàá mọ̀ pé ṣọ́jà ni mí."

Mò ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn o. Mi ò wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti bọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ló di ohun tí mò ń sọ yìí. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún mu tíì, ó fi tòsì lélẹ̀ níwájú mi, ó ń ròyìn oníbàárà kan tó ní kọ́là òun kò le tó. Apẹ̀rẹ̀ aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yọ pẹ́ẹ̀gì kan nínú rẹ̀, àwọn onígi àtijọ́ yẹn, tí wọ́n máa ń buni jẹ. Mo rọra fi há ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Mo ti di etí mi sílẹ̀ de ariwo.

Ariwo kò wá.

"Ó ní ṣé èmi ni mo lọ̀ ọ́ ni? Mo ní màmá, èmi kàn gbé e wá ni..."

Pẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀. Orí ìka náà ti ń funfun. Mò ń dúró. Ẹ̀rín ń wú mi nínú, lẹ́yìn náà kò wú mi mọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì náà sókè láti fi hàn mí bí kọ́là ṣe rí, pẹ́ẹ̀gì sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó ń mì dìrọ̀dìrọ̀ níwájú ojú rẹ̀. Ó wò ó.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

Ìbéèrè yẹn ló da omi tútù sí mi lẹ́yìn. Nísàlẹ̀ wa, gíláàsì ṣẹ́, kàá.

Ó yọ pẹ́ẹ̀gì náà, ó sì fi ọwọ́ òsì sábẹ́ ìkejì, bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pa mọ́. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ó bẹ̀rẹ̀ bí èèrà tí ń rìn ní ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èèrà dúró, kò sí nǹkan kan mọ́. Bí òun bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ìka kì í dé ibi bíréèkì, ọrùn ọwọ́ lòun fi ń fà á.

"Àǹtí mi, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí a lọ máa gbé ibo? Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó máa mọ́ mi lára."

Ẹ̀rù bà mí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi tí wọ́n ní kí n má sọ, ilẹ̀ mọ́, mo ti wà lọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Òun ni ọkùnrin tó wà ní orí òkè, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún táyà bí ihò ejò. Ó máa ń bá àwọn kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń bú wọn. Kí n tó kí i tán, ẹ̀gbọ́n mi kọjá lójú títì. Ọkùnrin náà gbé orí sókè.

"Kí ló dé tí ọmọ yẹn ń fi ọwọ́ rìn?"

"Bọ̀dá, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn."

"Mo lójú. Ìdí ló yẹ kó gbé ẹ, ẹsẹ̀ ló yẹ kó tì ẹ́, ọwọ́ kàn ń tọ́ ẹ sọ́nà ni. Tiẹ̀, orí ọwọ́ ló gbé gbogbo ara lé. Iṣan kan wà níbí." Ó tẹ ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi, lápá ibi ọmọńdinrín. "Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, ìka méjì á sùn. Bó bá tún pẹ́ sí i, wọn ò ní jí mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un tò."

Ó wo ilẹ̀. "Mo mọ ọ̀dà yẹn. Ẹni kejì tó gùn ún wá bá mi, ó ní ọwọ́ òun ń kú. Mo ní kó lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ ná. Kò padà wá. Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti gbé e, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ti yí sẹ́yìn." Ó fi aṣọ nu sípánà kan tí kò dọ̀tí. "Bí ẹ̀gbọ́n ẹ bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí n ha á, màá ha á. Ìwọ kọ́ lo ń gùn ún."

Mo sọ ọ́ fún Ìṣó. Ó bú mi fún pé mo lanu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí ọ̀dà bá lọ, iṣẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá lọ. Jẹ́ kí oṣù yìí parí ná." Òrùka irin tó fi ń ti abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́, ó yí lọ sábẹ́ ibùsùn, kò sì mọ̀.

Oṣù kò tíì parí tí òjò fi dé. Ó ti jáde láàárọ̀ kí ojú ọ̀run tó dúdú, aṣọ òjò rẹ̀ sì wà lára ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mú un, mo sáré. Mo dé orí òkè nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láti sọ̀. Mo pè é, òjò gbé ohùn mi lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àpótí, mo sì rí i pé kò dẹwọ́ eré. Kẹ̀kẹ́ náà ń sáré bí ẹni tó rántí nǹkan. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fẹ̀yìn jáde, pákó yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ahọ́n.

Mo rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó ṣí síta, tó ń fi ọrùn ọwọ́ wá bíréèkì. Kò rí i mú. Ó ju ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ó yí orí kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mi ò sì rí i mọ́. Ọkọ̀ ti bò ó. Ohun tí mo rí ni ohun funfun kan tó fò sókè, tó na apá méjèèjì, tó sì sùn sójú títì. Táyà ọkọ̀ náà gun àyà rẹ̀, ó kọjá lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì ni. Àpótí ló ṣí. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yòókù ti fọ́n káàkiri, wọ́n dojú bolẹ̀ nínú òjò. Ìṣó wà nínú gọ́tà, ó jókòó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní orúnkún rẹ̀, kò sì wo orúnkún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wò. Ó ń gbìyànjú láti pa á dé. Ìka mẹ́ta ń gbọ́ tirẹ̀. Méjì ń wò ó.

"Àǹtí mi."

"Bá mi gbé kẹ̀kẹ́ yìí."

A tì í gòkè. Ó dúró níwájú atúnkẹ̀kẹ́ṣe, omi ń kán lára rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ha á."

Ọ̀dà náà ń ké bí sípánà ṣe ń já a. Ó ń bọ́ sílẹ̀ ní èépá pupa. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ju tìmùtìmù sẹ́yìn. "Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó gbọ́ ìròyìn. Egungun ìdí méjèèjì ń wá ibi gúnlẹ̀ sí. Bí ìjókòó bá rọ̀ jù, wọ́n á rì, ẹran àárín á máa jẹ ìyà." Ó tẹ́ ìgò omi tí kò kún sórí ìjókòó ní gígùn, omi sáré lọ síwájú. "Ẹ rí i? Omi gan-an ń bọ́ lórí ẹ̀, ká má tíì sọ èèyàn." Ó tẹ́ ẹ títí omi fi dúró láàárín. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí gìgísẹ̀ Ìṣó fi kan pẹ́dà nísàlẹ̀, tí orúnkún sì nà. Ó yọ irin gígùn tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀, ó gbé e sókè. Ó fa bíréèkì súnmọ́ ọwọ́. Ó fi rọ́bà fífẹ̀ bo ibi ìdìmú, kí àtẹ́lẹwọ́ lè fẹ̀yìn tì. Ó fún un ní ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ tó ní ìrọ̀rí kékeré níbi tí iṣan gbé wà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri.

"Ọ̀rọ̀ kan kù. Ṣòkòtò péńpé yẹn, ara ló ń wọ̀ ọ́. Wọn kì í wọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀."

Ìṣó ní òun kò gbọ́. Èmi gbọ́. Èmi gbọ́ dáadáa.

Alágbàfọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tá a dé. Kò wo aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ tí mo kó mọ́ra. Abẹ́ ìjókòó ló wò.

"Ta ló ha ọ̀dà mi?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ti wà lábẹ́ táyà. Ṣẹ́ẹ̀tì ni tòní."

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó so rọ̀ yíjú sí wa. Aṣọ kù tí wọn kò tíì gbé, àwọn oníbàárà sì ń pè. Alágbàfọ̀ ní kí Ìṣó lọ gbé wọn ná, kó padà wá gbọ́ tirẹ̀. Èmi dúró ti alágbàfọ̀. Ṣùgbọ́n kíá ni Ìṣó padà, ó jókòó gbaa lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ni ín. Ojú alágbàfọ̀ yí padà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Báyìí ló máa wà."

Ó wọlé, ó gbé agolo jáde. Ó ti bọ búrọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀ kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì bo nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó.

"Ọ̀gá, bí mo bá lọ, tí ẹlòmíràn dé ńkọ́?"

"Á bá a bó ṣe wà."

"Bó bá ga ńkọ́?"

"Á mọ́ ọn lára. Gbé ọwọ́ ẹ."

"Ẹ kùn ún pọ̀ mọ́ ọwọ́ mi."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lókè. Ẹ̀kán ọ̀dà kan yọ́ ní etí rẹ̀, ó bọ́ sórí ọmọńdinrín Ìṣó, ó sì ṣàn lọ sí èékánná. Ojú alágbàfọ̀ ni Ìṣó ń wò. Kò gbọn ìka. Kò mọ̀ pé ohunkóhun bọ́ síbẹ̀. Alágbàfọ̀ wo ẹ̀kán náà, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ẹ̀kán náà. Àwọ̀ rẹ̀ di ti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn kò sá. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo, ó sì dé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbé aṣọ. Ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín ti jí. Ọmọńdinrín kò tíì jí. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní ká máa retí, kò sì wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Ìṣó ń ya ihò bọ́tìnnì rẹ̀ pẹ̀lú ìka yẹn tó ga sókè bí ti ìyàwó ọba. Mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí bí mi ò bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, màá sunkún, ó sì kórìíra ẹkún. Àdúgbò kò sì dákẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ òjò yẹn ni òkú náà sọ̀ kalẹ̀, pé ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀ lọ.

Ọ̀pá-Iná kò kú: ó ń wakọ̀ akérò ní òdìkejì odò, mo ti wọ ọkọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ sì ń kan àjà.